Nẹ́gẹ́tífù Yín Dà?

Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní fún gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń gbé kámẹ́rà onífíìmù kọ́rùn kiri inú ọgbà: nẹ́gẹ́tífù yín dà? A ò bèèrè fọ́tò o. Fọ́tò yín, a ti rí i. Ó wà lórí Instagram, ó wà lórí WhatsApp, ẹ kọ "35mm" sí abẹ́ rẹ̀, ẹ sì gba ìyìn. Ohun tí à ń bèèrè ni fíìmù gan-an tí ẹ fi yà á, èyí tó gùn tẹẹrẹ bí rìbọ́ọ̀nù, tí aṣọ funfun di dúdú lára rẹ̀, tí irun dúdú di funfun bí ewú. Níbo ló wà lónìí?

Nígbà tí a bi àwọn tó sún mọ́ wa, ìdáhùn kan náà là ń gbọ́: "Ó wà ní lábù." Ọ̀kan tilẹ̀ ní, "Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ṣebí wọ́n ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí wa nínú tí a fi jókòó kọ èyí. Ẹni tó ra fíìmù, tó yà á, tó sanwó kí wọ́n bá òun fọ̀ ọ́, tó wá fi nẹ́gẹ́tífù sílẹ̀ tó gba fáìlì JPEG nìkan, ó ra ẹran lọ́jà, omi ẹran ló gbé relé.

Bí ohùn wa bá le, ẹ má bínú. A ti jẹ ìyà rẹ̀ rí ni.

Àwa mẹ́rin la jọ ni kámẹ́rà kan. Bàbá ọ̀kan nínú wa ló ni ín tẹ́lẹ̀, ó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí i, fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ́, ó di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Fíìmù àkọ́kọ́ tí a yà, ìmọ́lẹ̀ wọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. A fi sípírítì nu ìdọ̀tí náà kúrò, a fi òwú dúdú tí àwọn obìnrin fi ń hun fìlà ọmọ dí ojú ibẹ̀, títí di òní ìmọ́lẹ̀ ò wọlé mọ́. Fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù kan. A máa ń dá owó rẹ̀ jọ, nítorí owó fíìmù kan lè gbé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ lápò akẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé kékeré kan wà tí a ń kọ ọ́ sí: ẹni tó yà á, ibi tó ti yà á, bí oòrùn ṣe rí. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ rí lórí fọ́tò kẹtàdínlógún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé, ẹ má pe èyí ní fàájì ọmọ olówó níwájú wa.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa lo gbogbo mẹ́sàn-án tirẹ̀ lórí ìyá ìyá rẹ̀. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó wé gèlè, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un wé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń yà á bó ṣe ń ṣe é. A fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí lábù kan. Wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, inú wa dùn. Wọ́n bi wá pé ìgbà wo la máa wá gba nẹ́gẹ́tífù. A ní à ń bọ̀. A ò lọ. Ìdánwò dé, owó ọkọ̀ wọ́n, òní di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀tunla. Ìgbà tó yá ni wọ́n já fóònù yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò tọ́jú fáìlì síbòmíràn. Méjì péré ló ṣẹ́ kù, èyí tó ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí WhatsApp sì ti fún pọ̀ títí tí ojú Màmá ò fi dá ṣáká mọ́. A sáré padà lọ bá lábù. Wọ́n ní àwọn kì í tọ́jú nẹ́gẹ́tífù ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, àwọn sì ti sọ fún wa. Òótọ́ ni, wọ́n sọ fún wa. Ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Màmá ti dolóògbé nígbà yẹn. Fọ́tò inú káàdì ìdìbò ni wọ́n fi ṣe ìwé ètò ìsìnkú.

A ò dá lábù lẹ́bi. Bí gbogbo ènìyàn bá fi nẹ́gẹ́tífù sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yín, ibo lẹ máa kó o sí? Àwa tí a ni ín la fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fáìlì ti tó, ẹ gbọ́ èyí. Fáìlì tí lábù ń fi ránṣẹ́ fún owó pọ́ọ́kú, fóònù ló wà fún. Ẹ gbìyànjú kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri pálọ̀, ẹ ó rí i bí yóò ṣe ṣú. Èyí tó tún burú ni pé JPEG kì í ṣe fíìmù yín. Ohun tí ẹ̀rọ kan rò nípa fíìmù yín lọ́jọ́ kan ni: ẹ̀rọ ló pinnu bí ojú yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí pupa yóò ṣe pupa tó. Bí ẹ̀rọ bá ṣe é ní ìkúùkù, tí nẹ́gẹ́tífù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó tún un ṣe lọ́la. Bí kò bá sí, ẹ ó gba ohun tí wọ́n bù fún yín.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì tí Kodak fi ń ran àwọn lábù lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá àwọ̀ fọ́tò dára; "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Àwọ̀ Shirley ni òṣùwọ̀n. Ohun tó dùn wá jù nínú ìtàn yẹn ni pé nígbà tí wọ́n wá ń tún fíìmù ṣe kó lè gba àwọ̀ tó dúdú dáadáa, ìráhùn àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára ohun tó sún wọn ṣe é. Ṣokoléètì ráhùn, wọ́n gbọ́! Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà yín. Ó gbà pé ohunkóhun tó bá wà níwájú òun, àwọ̀ eérú ni, kò funfun, kò dúdú. Ẹ gbé e lọ sí òde ìyàwó tí gbogbo ẹbí ti wọ léèsì funfun. Yóò rí gbogbo funfun yẹn, yóò ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, léèsì yóò di eérú, ojú àwọn àǹtí yín yóò sì di èédú. Oògùn rẹ̀ ò le: ẹ sún mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wọn, ẹ má wọn aṣọ rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè sún mọ́ ọn, àtẹ́lẹwọ́ ara yín ni kí ẹ wọ̀n nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì sí i, nítorí àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju eérú lọ. Fíìmù kì í bínú sí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Èyí tó kéré ni kò ní àtúnṣe.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó kéré, àbí ẹ̀rọ lábù ló ba ojú jẹ́? Nẹ́gẹ́tífù nìkan ló lè dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Bí ibi tí ojú wà bá mọ́ gaara bí ike tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Bí ẹ bá rí imú, tí ẹ rí ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni kò rí i. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Fọ́tò kan tó dé láti lábù bí òru ọ̀gànjọ́, nígbà tí a fi fóònù yà á fúnra wa láti orí nẹ́gẹ́tífù, ẹ̀rín ẹni náà jáde.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ni àwọn fẹ́ fi nẹ́gẹ́tífù ṣe ní ogójì ọdún sí àsìkò yìí. Ẹ bi J. D. 'Okhai Ojeikere. Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn ní 1954. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, sùkú, onílé gogoro àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi yà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣàfihàn wọn ní Paris. Ní 2013, ọdún kan kó tó kú, wọ́n gbé wọn dé Venice. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí, ọdún tí wọ́n yà wọ́n yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n, nígbà míì ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kí ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n? Ẹni tó ya irun yẹn kò fi nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kankan.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún nínú African Arts ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tó wà láàyè, yóò tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, Táyéwò àti Kẹ́hìndé yóò sì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn yóò ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, wọn yóò tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò ní kọ̀ǹpútà. Nẹ́gẹ́tífù ló ní, àti ọwọ́ rẹ̀ tó fi bo ìdajì bébà nínú òkùnkùn.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ bíi Babatunde Lawal fi so ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" mọ́ "à-wò-rántí". Ọ̀kan nínú wa kò gbà. Ó ní ìsọdorúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé "-ntí" mì lásán. Ẹ bá wa gbé ìjà mọfọ́lọ́jì yẹn dé kíláàsì. Ní ti ọ̀rọ̀ òní, ìtumọ̀ yẹn ṣe wá ní àǹfààní, a ó lò ó.

A lọ bá bàbá onífọ́tò kan tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n wo kámẹ́rà wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ohun tí àwa sá kúrò nínú rẹ̀ lẹ̀yin tún ń sáré lọ bá." A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ò jiyàn. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n fi fíìmù wá. Nígbà tí oníbàárà fẹ́ fọ́tò kíákíá, kí ni wọ́n máa ṣe? Ṣùgbọ́n wọ́n mú wa wọ yàrá ẹ̀yìn. Àpò sìmẹ́ńtì ló kún ibẹ̀, nẹ́gẹ́tífù ló wà nínú wọn: ìkómọjáde, ìgbéyàwó, àwọn ọmọ iléèwé tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Òjò ti wọ mẹ́ta nínú àpò náà. Ó ti lẹ̀ pọ̀ bí àkàrà tí wọ́n kó sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, a ò lè ṣí i láìfa àwòrán ya kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá ti ń sọ pé àwọn máa dáná sun ìyókù kí àwọn lè fi yàrá náà háyà. Gbogbo àdúgbò kan ló wà nínú àpò yẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fíìtà orí fóònù kí fọ́tò yín lè "dà bíi ti àtijọ́", àtijọ́ gan-an nìyí, òjò ń rọ̀ sí i.

Ó wá ku àwáwí kan, òun la sì máa ń gbọ́ jù: "Ooru ilẹ̀ wa ò jẹ́ kéèyàn lè fọ fíìmù nílé, lábù nìkan ló lè ṣe é." Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù dúdú-àti-funfun Ilford HP5. Bí a bá fi omi ìwọ̀n kan náà là kẹ́míkà ID-11, ìṣẹ́jú 13 ni wọ́n ní ká fi fọ̀ ọ́ nínú omi tó wà ní 20°C. Omi tiwa, nígbà tí a wọ̀n ọ́n, 28 la bá. Bí omi bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i, àsìkò á fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní 28, ìṣẹ́jú 13 yẹn á bọ́ sí bíi mẹ́fà dín díẹ̀. Ó ṣì ṣeé lò. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ ń ní àbàwọ́n ni ẹni tí kò fi omi là á, tí ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ rẹ̀ bọ́ sí mẹ́ta; kẹ́míkà ò ráyè ṣiṣẹ́ dọ́gba. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ra omi inú ọ̀rá tó ti dì méjì, ẹ fi wọ́n sínú béésìn, ẹ gbé ìgò kẹ́míkà jókòó sí àárín wọn títí yóò fi bọ́ sí 24, kí ẹ fọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí kẹ́míkà tutù kí omi ìṣanwọ̀ sì gbóná. Ọ̀kan náà ni kí gbogbo wọn jẹ́.

Ti aláwọ̀ tí gbogbo yín ń bẹ̀rù, ilẹ̀ wa gan-an ló rọrùn fún. 38°C ló ń fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 15. Àwọn tó wà ní ìlú òtútù ń ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé omi dé ibẹ̀. Omi inú táńkì dúdú tó wà lórí òrùlé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní aago méjì ọ̀sán, díẹ̀ ló kù kó débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi tẹmómítà sí i, ẹ bu omi gbígbóná kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, nítorí aláwọ̀ kì í gba ẹ̀bẹ̀ bíi dúdú-àti-funfun.

Ẹ má sọ pé kò sí omi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo fíkísà tán, ẹ rọ omi kún táńkì, ẹ yí i pó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù. Ẹ rọ òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ rọ ẹ̀kẹta, ogún. Ó ti tán. Ilford fúnra wọn ló kọ́ni bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá ni a fi ń ṣan tiwa kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan, kí omi má baà gbẹ sí i lójú tótòtó. Fíkísà tí ẹ ti lò, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga. Fàdákà ti wọ inú rẹ̀. Yàrá òkùnkùn ńkọ́? Kóbọ́ọ̀dù ni, lóru, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí a kì í bú àwọn oníná nìyẹn. Ní ti eruku ọyẹ́, balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ tán ni kí ẹ fi fíìmù kọ́ sí. Ooru omi ti mú eruku balẹ̀.

Bó bá ti gbẹ, ẹ gé e ní mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì, ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ funfun sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi gíláàsì gbé nẹ́gẹ́tífù sókè díẹ̀ kí àmì ojú tábúlẹ́ẹ̀tì má baà hàn, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ yí dúdú padà sí funfun. Nẹ́gẹ́tífù fúnra rẹ̀, inú bébà tó mọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú nálọ́ọ̀nù. Ẹ kó o sínú kúlà oúnjẹ tó ní ìdérí líle, kí ẹ fi àwọn pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n máa ń bá bàtà tuntun wá sí i kó máa fa ọ̀rinrin. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ yà.

Ẹni tó bá ní nẹ́gẹ́tífù ní lábù, kó pè wọ́n lónìí kó tó di ìdánwò. Ẹni tó ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, kó sọ fún wa kó lè bá àwọn mìíràn gbà á bọ̀. Bàbá onífọ́tò ti gbà pé àwọn máa fún wa ní àpò tí òjò ò tíì dé títí ìparí oṣù yìí, a nílò ọwọ́ tí yóò bá wa ṣà á. Táńkì wa ń gba fíìmù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Sátidé la sì máa ń fọ̀. Kẹ́míkà wà. Omi ni kò sí: kí oníkálukú pọn kẹ́ẹ̀gì kan wá.